Adé Tí Mo Fi Ìwé Bò

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn sitáàsì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, kì í ṣe aṣọ ni mo máa ń rántí. Kásẹ́ẹ̀tì fíìmù ni, àti ẹ̀rù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá Kékeré kò lè wọ agbádá tí wọ́n fi sitáàsì sí kó má bojú wẹ̀yìn. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ìdí rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè rí ohun gidi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà yẹn, gbogbo wa ní Kétu, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, la jẹ́ kámáráàdì. Kámáráàdì ni alápatà, kámáráàdì ni aránṣọ, bí ewúrẹ́ bá gbọ́ Faransé díẹ̀ òun náà ì bá di kámáráàdì. Bí ẹ bá wọ bíró, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba, láàárọ̀, ẹ ò ní kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n jí dáadáa. "Ẹhúzú!" lẹ máa wí, wọ́n á sì dá yín lóhùn pé "Dándán!", ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, ó sì ti di dandan. Rédíò ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé ọba àti ìjòyè ti di ohun àtijọ́, pé wọ́n kàn ń fa àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ sẹ́yìn ni. Àwa náà ń mi orí sí i. Orí mímì kì í dun ọrùn tí kò bá pẹ́ jù.

Àárín ìgbà yẹn ni mo di aṣojú ilé-iṣẹ́ fíìmù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ náà wà ní òdìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọ̀gá tó ni ín ti ṣe eré orí ìtàgé títí irun rẹ̀ fi ń funfun, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù. Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n á di fíìmù sínú agolo ńlá, wọ́n á gbé e láti ìlú dé ìlú, wọ́n á na aṣọ funfun sára ògiri, gbogbo ayé á sì wá wò ó. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì wọ ilé àwọn olówó, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílé. Àwọn olè náà ò sùn: wọ́n ń da fíìmù Ọ̀gá kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á lọ́jà bí ẹni ń ta àkàrà. Ni Ọ̀gá bá dá ẹ̀ka mìíràn sílẹ̀ tó jẹ́ ti kásẹ́ẹ̀tì inú ilé nìkan. Ó ní agbègbè kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹnì kan ṣoṣo tó gba ìwé àṣẹ, kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ìwé pélébé kan lára, aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ya adé sí. Etikẹ́ẹ̀tì là ń pè é lọ́dọ̀ tiwa. Èyí tí kò bá ní adé, olè ló jí i.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà, ló mú mi dé ibẹ̀. Nàìjíríà ni wọ́n bí Àlájà sí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a gba òmìnira tó ti wá fìdí kalẹ̀ sí Kétu, tó ń ta aṣọ. Òun àti ìyàwó Ọ̀gá mọ ara wọn lọ́jà Mẹ̀kọ, ní òdìkejì ààlà. Òun ló ní tẹlifíṣọ̀n, òun ló ní ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, òun ló ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ṣe onígbọ̀wọ́. Ohun tí mo mú wá ni ìwé tí mo kà, ìyẹn náà ò sì pọ̀: mo dé kíláàsì kẹrin, mo fẹ́ràn ibẹ̀, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìwọ lo mọ̀wé nínú wa," Àlájà wí. "Ó kéré tán, o mọ ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí."

Ọjọ́ tí a lọ gba ìwé àṣẹ, Ọ̀gá fi ìka kan adé tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ọmọ ni fíìmù jẹ́ fún mi, ilà ojú rẹ̀ sì nìyí. O lè pàdánù owó mi, màá bínú, màá sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá ya adé yìí kúrò, tàbí tí o fi nǹkan bò ó, ọjọ́ náà ni ìwọ àti ìwé àṣẹ yóò pínyà. Onígbọ̀wọ́ rẹ náà kò sì ní lè gbójú sókè wò mí mọ́." Mo ní mo gbọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ pé òun gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ṣọ́ ọ.

Láti ààlà Ìlárá títí dé Kétu, mo jókòó sẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré wa, mo gbé àpótí kásẹ́ẹ̀tì lé itan, erùpẹ̀ pupa bò mí tí ojú mi fi dà bí ti ère. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Adé. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí mo gbé lé itan ló dé adé. Ìlú tí wọ́n ti ní ọba di ohun àtijọ́ ni mo sì ń gbé wọn lọ. Nínú àpótí náà, èyí tó dára jù ni fíìmù ọba kan tí àbúrò rẹ̀ lé kúrò lórí oyè, apá kìíní àti apá kejì. Ojú Dẹlẹgé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí mi nínú eruku.

Dẹlẹgé ni ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ àdúgbò wa. Ọkùnrin gíga ni, ó ní fìlà kan tó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀ bí ìkòkò. Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọba àtijọ́, itọ́ á máa ta jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìlú mọ̀ pé bàbá rẹ̀ àgbà ló máa ń gbé àpótí ìtìsẹ̀ tẹ̀lé ọba nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ sí i létí. Ẹni tó bá ń lé ewúrẹ́, a kì í rán an létí pé bàbá rẹ̀ ló bọ́ ewúrẹ́ náà dàgbà.

Ni mo bá se sitáàsì. Mo ya ìwé kúrò nínú kàyé tí mo lò nílé ẹ̀kọ́, mo gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mo fi lẹ orí gbogbo adé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá fi bíìkì pupa kọ orúkọ tuntun sí wọn lára. Fíìmù ọba tí wọ́n lé di "Ìṣẹ́gun Àwọn Àgbẹ̀." Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n lé ọba náà, ó roko olóko fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ya ìràwọ̀ sí abẹ́ orúkọ náà kó lè dà bí ti ìjọba, àmọ́ ìràwọ̀ mi jọ alákàn.

Àlájà wọlé bá mi níbi tí mo ti ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

"Ọmọ mi, ta lò ń sá fún?"

"Mi ò sá fún ẹnikẹ́ni, Àlájà. Mo ń ṣọ́ra ni."

"Ìṣọ́ra wo ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ báyìí?" Ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ṣé o rántí ohun tí Ọ̀gá wí? Orúkọ mi ló wà nínú ìwé yẹn o. Àti pé kí ni alákàn ń wá níbí?"

Mo ní Ọ̀gá jìnnà, Dẹlẹgé ló sún mọ́ wa. Ó wò mí, ó mi orí, ó padà sídìí aṣọ ọjà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Dẹlẹgé fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo dìde tí àga fi ṣubú.

"Kámáráàdì, kí lo kó jọ síbẹ̀ yẹn?"

"Fíìmù ni, kámáráàdì Dẹlẹgé. Fíìmù àgbẹ̀."

Ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan, ó kà á. Ó tún un kà. Mo ń retí pé kó sọ pé kí n máa bọ̀ ní bíró. Ńṣe ni ojú rẹ̀ là bí ojú ọjọ́ lẹ́yìn òjò.

"Ìṣẹ́gun Àwọn Àgbẹ̀! Wò ó, àwọn ará Nàìjíríà pàápàá ti ń jí! Ohun tí mò ń wá nìyí. A ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀ ní Idigny lọ́jọ́ Sátidé. Wàá gbé e wá fún wọn wò."

"Ẹ̀rọ Àlájà..."

"Àlájà náà kámáráàdì ni."

Nígbà tó jáde, Àlájà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ ọjà. Ó ní, "O fi aṣọ bo ejò kí aládùúgbò má baà rí i. Aládùúgbò ti rí aṣọ yẹn, ó wù ú, ó fẹ́ fi bora." Mo béèrè ohun tí mo lè ṣe. Ó ní kí n jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ tuntun, a gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Idigny. Wọ́n ti kórè àgbàdo tán, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ètè gbogbo wa ti gbẹ. Inú kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti gbà wá, wọ́n fi ẹní dí ojú fèrèsé kí oòrùn má wọlé. Àwọn àgbàlagbà jókòó níwájú lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. A gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì tíṣà, a fi aṣọ bo tábìlì náà dé ilẹ̀.

Dẹlẹgé kí wọn ní "Ẹhúzú," ó sọ̀rọ̀ títí bàbá kan fi sùn, tó sì jí. Èmi ní tèmi, nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ amúnáwá, mo ní mo fẹ́ di wáyà mú kó má baà tú, ni mo bá wọ abẹ́ tábìlì. Wáyà náà ò níṣòro kankan. Èmi ni mo fẹ́ tú. Mo gbé etí aṣọ náà sókè díẹ̀, kí n lè mọ ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá mú mi.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé n kò rí fíìmù náà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń wò ó ni mo rí. Mo gbọ́ fèrè lókè orí mi, mo sì mọ̀ pé ọba fẹ́ jáde láàfin. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, mi ò rí orí ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo fìlà ti ṣí, àwọn bàbá iwájú ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ti dojú bolẹ̀, àwọn obìnrin ti kúnlẹ̀. "Káábíyèsí o!" ni wọ́n ń wí. Gbogbo Idigny dọ̀bálẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n Àlájà, èmi tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ sì gba nínú ìkíni náà. Àárín wọn, ní ẹsẹ̀ méjì sí ibi tí mo wà, ni mo ti rí ọkùnrin gíga kan tó na gbalaja, tó fi iwájú orí kan ilẹ̀, fìlà rẹ̀ sì dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìkòkò.

Òun ló kọ́kọ́ rántí ara rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ojú wa sì ṣe mẹ́rin.

"Kọ́kọ́rọ́ mi ló bọ́," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀ kiri. "Mò ń wá kọ́kọ́rọ́ mi."

"Kámáráàdì, ẹ pẹ̀lẹ́ o," obìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ká bá yín wá a?"

Ó jókòó, ó gbọn erùpẹ̀ nù. Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, òùngbẹ gbẹ ọba. Mo gbọ́ ohùn ìránṣẹ́ tó ń gbé igbá omi bọ̀. Bàbá tó sùn lẹ́ẹ̀kan bá fò dìde: "Ẹ yíjú o! Ọba fẹ́ mumi!" Lọ́dọ̀ wa, a kì í wo ọba níbi tó bá ti ń jẹ tàbí tó ń mu. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo kíláàsì yí ojú sí ògiri, tọmọdé tàgbà. Omi ń dún gbọ̀ngbọ̀n lọ́fun ọba lókè orí mi, ẹ̀yìn ènìyàn nìkan ni mo sì ń wò láti ibi ògiri kan dé ìkejì. Èyí tó ga jù nínú àwọn ẹ̀yìn náà, mo mọ̀ ọ́n.

Obìnrin yẹn tún sọ̀rọ̀, imú òun fúnra rẹ̀ sì kan ògiri bó ti ń sọ ọ́: "Kámáráàdì, ṣé ara ògiri ni kọ́kọ́rọ́ wà ni?"

Ẹ̀rín tó sọ nínú kíláàsì yẹn, bí kì í bá ṣe pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọba wà, omi ì bá há a lọ́fun.

Nígbà tí apá kìíní parí, níbi tí ọba ti ń wọ igbó lọ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, mo jáde, mo fa kásẹ́ẹ̀tì yọ. Dẹlẹgé ti dúró tì mí. Ó na ọwọ́, mo sì gbé e fún un, nítorí ọwọ́ mi kò mọ ohun mìíràn láti ṣe. Ọyẹ́ àti ooru ẹ̀rọ ti ba sitáàsì mi jẹ́. Alákàn ti ká sókè láti etí kan dé èkejì, abẹ́ rẹ̀ ni adé ti ń wò wá, aláwọ̀ ìyeyè, ó mọ́ roro. Dẹlẹgé wo adé náà. Ó wò mí. Mo ń ro irú oúnjẹ tí wọ́n ń fún ènìyàn lẹ́wọ̀n.

Ó ki ìka bọ ẹnu, ó fi itọ́ tẹ alákàn padà sórí adé, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an.

"Àbúrò," ó wí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Sitáàsì rẹ yìí kò jinná." Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọba yẹn... ṣé ó padà sórí oyè?"

"Ó wà ní apá kejì, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló ní apá kejì?"

"Ó wà nílé Àlájà."

"Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó wá, lóòótọ́. Inú àpò ló fi fìlà sí kó tó jókòó, ó ní ooru ń mú òun. Nígbà tí ọba gba oyè rẹ̀ padà, Àlájà fún un ní gèlè láti fi nu ojú. Obìnrin tó mọ ìgbà tí wọn kì í rẹ́rìn-ín ni Àlájà.

Àmọ́ ìròyìn yá ju mobilẹ́ẹ̀tì lọ. Kò tó oṣù kan tí gbogbo Mẹ̀kọ fi gbọ́ pé wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì ní Idigny, àti pé kásẹ́ẹ̀tì náà ní alákàn lójú. Ọ̀gá ránṣẹ́ sí wa. Àlájà kò bú mi lójú ọ̀nà. Ó di ọwọ́ àpò rẹ̀ mú ṣinṣin bí ẹni tó ń lọ gba òkú, mo sì wá rí i pé èmi ti ń bẹ̀rù fún ara mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́ yìí, mi ò tíì bẹ̀rù fún un rárá. Obìnrin tí gbogbo ọjà fi orúkọ rẹ̀ búra ni mo fẹ́ kó ìtìjú bá nítorí kàyé kíláàsì kẹrin.

Ọ̀gá ò pariwo. Ó gbé abọ́ omi gbígbóná ka iwájú mi, ó da gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí mo kó wá sílẹ̀, ó ní kí n wẹ ojú àwọn ọmọ òun. Ìwé àṣẹ mi wà lórí itan rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ ní àgbàlá, mo ń rọra bó ìwé náà kúrò, ìka mi pọ́n, adé ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, òórùn sitáàsì sì gbòde.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ẹnì kan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo gbójú sókè. Ọba ni. Ọba gan-an, ojú rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀, ìrìn rẹ̀. Kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ti fi àyà lélẹ̀ nínú omi sitáàsì, mo ti ké "Káábíyèsí!" Nígbà tí mo wò ó dáadáa, táyà ọkọ̀ ló gbé séjìká. Dírẹ́bà ilé-iṣẹ́ ni, ẹni tí Ọ̀gá fi ṣe ọba nínú fíìmù.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n," dírẹ́bà wí. "Táyà ló fọ́."

Gbogbo ẹ̀rín tí mo ti fi Dẹlẹgé rín padà sórí mi. Ọ̀gá wò mí níbi tí mo nà sí. "Kí lò ń wá nílẹ̀?"

Mo ṣí ẹnu. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ mi ló bọ́, sà."

Àlájà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ìtàn kọ́kọ́rọ́ Idigny, ó sì sọ ọ́ fún Ọ̀gá níbẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí mi bó ti ń sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀ ń sọ fún mi pé ní ibi tí wọ́n ti ní kò sí ọba mọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún dírẹ́bà mi?" Ó gbé ìwé àṣẹ náà fún Àlájà, kò gbé e fún mi. Ó ní kí ó máa wà lọ́wọ́ àgbà. N kò bo adé mọ́ láti ọjọ́ náà, Dẹlẹgé sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí adé kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa lóṣooṣù láti béèrè bóyá apá kẹta ti dé.

Gbogbo ìyẹn ti lọ báyìí. Ìjọba náà yí padà, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wí pé ohun gbogbo ń yí. Wọ́n tún ń fi ọba sí àga iwájú níbi àpèjọ. Àwo pẹlẹbẹ gba ipò lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì, fóònù gba ipò lọ́wọ́ àwo, Ọ̀gá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀ka náà. Nínú gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe, ìdì etikẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló kù lọ́wọ́ mi, tí n kò rí kásẹ́ẹ̀tì lẹ̀ wọ́n mọ́.

Kí Dẹlẹgé tó kú, mo lọ kí i. Ó ti rù, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e jókòó, ó dé fìlà òtútù. Mi ò mọ ohun tí a ń mú lọ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, mo sì mú ọ̀kan nínú àwọn etikẹ́ẹ̀tì aládé náà dání. Mo fi sí i lọ́wọ́. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò pa á lára, ó pẹ́ kó tó mọ ohun tó jẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kejì sókè, ó sì ṣí fìlà rẹ̀.

Mo dúró kí n gbọ́ ohun tó máa wí. Kò wá kọ́kọ́rọ́ kankan.